Wọ́n dá mi padà níbi tí mo ti fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní tèmi gan-an kò tó

Àbẹ̀ní_Aláṣọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò màmá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n wá ní kí àwa ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ọmọ ọdún 27 ni mí, kò sí àìsàn tó ń ṣe mí, mo wọn kílò 58, mo sì ti múra ọkàn sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n gún mi ní ìka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ bíńtín sínú ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà gbé 11.4 jáde. Ọmọbìnrin tó ń yẹ̀ mí wò ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ rí dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ tèmi gan-an kò tó.

Ojú tì mí gan-an. Ńṣe ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni tó sá. Màmá mi ti ń bẹ̀rù pé àrùn kan wà lára mi tí mi ò mọ̀. Aládùúgbò wa ní kí n ra oògùn ẹ̀jẹ̀, kí n mu ún fún ọjọ́ méjì, kí n padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ ní ká wá ẹni tí a máa fún lówó, kó wọlé lórúkọ mi.

Ṣé lóòótọ́ ni ọjọ́ méjì tó? Ṣé mo ṣì lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú? Kí ló sì yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó lọ, kí wọ́n má baà dá a padà bíi tèmi?

Màmá Kẹ́hìndé

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ dára, òun ni mo lò nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì. Mu ún, máa jẹ ẹ̀fọ́, máa sùn dáadáa, kí o padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ èrò tèmi ni pé kí àwọn ọkùnrin ilé yín lọ. Obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ wo ló tún fẹ́ fún ẹlòmíràn?

Láàbù_ni_mo_wà

Ẹ káalẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, mi ò lè dákẹ́.

Àbẹ̀ní, hemoglobin ni ẹ̀rọ yẹn wọ̀n. Òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, òun ló sì ń ru afẹ́fẹ́ tí a mí símú láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti obìnrin tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ má dín sí 12, kí ti ọkùnrin má dín sí 13. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbé ti obìnrin dé 12.5. Pẹ̀lú 11.4, ó dára bí wọ́n ṣe ní kí o máa lọ. Ẹni tó dá ẹ padà kò tẹ́ńbẹ́lú rẹ, ewu ló gbà ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 450, ó sì máa ń kó mílígíráàmù 200 sí 250 èròjà irin lọ lára èèyàn. Ẹni tí irin ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀?

Nípa ọjọ́ méjì yẹn, rárá o. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tí hemoglobin wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbó tán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn irin lónìí, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí nọ́ńbà rẹ̀ tó fi nǹkan bí ẹyọ kan gòkè, ìyẹn tí ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dáwọ́ dúró. Pípọ́n tí oògùn inú ìgò pọ́n kò sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí ẹni tó mu odindi ìgò kan láàárín ọjọ́ méjì. Èébì àti inú rírun ló bá padà wá, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà.

Ohun tó yẹ kó jẹ ẹ́ lógún ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ṣé nǹkan oṣù rẹ máa ń pọ̀ jù? Ṣé ọgbẹ́ inú ń yọ ẹ́ lẹ́nu, àbí aràn? Ṣé o máa ń lo oògùn ìrora léraléra? Sọ fún dókítà kó yẹ ferritin wò pẹ̀lú. Ìyẹn ló ń fi bí irin tó wà nípamọ́ ṣe kù sí hàn. Hemoglobin lè dára lójú nígbà tí àká ti ṣófo.

Màmá, nípa tàwọn obìnrin: ẹgbàágbèje wọn ló ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kárí ayé, ara wọn sì le. Àlàfo tí a fi sáàárín ìgbà kan àti èkejì ni a máa ń ṣọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 12 ni ọkùnrin máa dúró, obìnrin á dúró ọ̀sẹ̀ 16. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 56 ni fún tọkùnrin tobìnrin. Aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú ló yẹ kó dúró pátápátá títí ara á fi padà sípò.

Ògbójú

Gbogbo àlàyé yìí dára, àmọ́ iṣẹ́ abẹ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ní kẹ́ ẹ sanwó fún ẹnì kan kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí bàbá mi wà nílé ìwòsàn. Ẹni náà le koko, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀mí bàbá mi ló ká mi lára.

Akíntúndé_B

Mo ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 31, láti ọmọ ọdún 20. Wọ́n ti dá èmi náà padà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan torí ìfúnpá mi ga, lẹ́ẹ̀kejì torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín. Nítorí náà, àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú tì ẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ fún ẹ, torí ohun tí èèyàn ò mọ̀ ló máa ń bà á lẹ́rù. Wọ́n á fún ẹ ní ìwé ìbéèrè kan tó gùn. Àìsàn tó ti ṣe ẹ́ rí, oògùn tó ò ń lò, ibi tí o rìnrìn àjò lọ, ẹni tí o bá lò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á bi ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á bá ẹ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Sọ òtítọ́. Wọ́n á wọ̀n ẹ́, wọ́n á wo ìfúnpá rẹ, wọ́n á gún ẹ ní ìka. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, wọ́n á ní kí o sùn sórí àga gbọọrọ, wọ́n á fi oògùn nu ìgúnpá rẹ, abẹ́rẹ́ á wọlé. Abẹ́rẹ́ tuntun ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí bí o ṣe lè kó àrùn níbẹ̀. Ó máa ń ta èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá àpò á ti kún. Tí o bá ka ìgbà tí o wọlé títí dìgbà tí o jáde, bíi wákàtí kan ni.

Mu omi dáadáa láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Jẹun kí o tó lọ. Má gbààwẹ̀ lọ síbẹ̀, má sì lọ lẹ́yìn òru tí o kò sùn. Wọ aṣọ tí apá rẹ̀ rọrùn láti ká sókè. Kọ orúkọ oògùn tí ò ń lò sínú ìwé, torí bí wọ́n bá bi ẹ́ lójijì o lè gbàgbé. Tí wọ́n bá ti gbà á tán, jókòó fún ìṣẹ́jú 15, mu nǹkan tó ní ṣúgà, má gbé ẹrù tó wúwo lọ́jọ́ náà, má mu ọtí. Tí ibi tí wọ́n gún bá tún ń ṣẹ̀jẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o sì gbé apá sókè.

Kò sì sí ìdí láti bẹ̀rù àárẹ̀. Láàárín wákàtí 24 ara ti rọ́pò ohun tí wọ́n gbà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Akíntúndé. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára àyàfi ìlà tó kẹ́yìn, òun ni mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn. Omi inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní plasma, ni ara máa ń rọ́pò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Irin tó bá a lọ lè lò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní irin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọjọ́ tó kàn sínú káàdì. Kì í ṣe pé a fẹ́ dá èèyàn dúró lásán.

Ògbójú, mo mọ bí ọkàn rẹ ṣe rí nígbà yẹn, mo sì bá ẹ dúpẹ́ pé bàbá yín yè. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń rí fún ẹ. Ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀, owó ló bá wá. Tí a bá bi í bóyá ó ti ní ìbà tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú rí, ó mọ̀ pé òtítọ́ lè mú kí owó náà bọ́. Tí a bá bi í ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbẹ̀yìn, ó lè ní ọdún kan nígbà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ òun náà á ti lọ sílẹ̀ jù, aláìsàn á wá gba àpò tí kò ní agbára. Àyẹ̀wò dára, àmọ́ ìbéèrè yẹn ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, irọ́ sì ti ṣí i sílẹ̀. Láti ọdún 1975 ni àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé ti rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí ẹ̀jẹ̀ máa wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi tinútinú fún un láìgba owó.

Kí ẹlòmíràn sì wọlé lórúkọ Àbẹ̀ní, ìyẹn burú ju owó lọ. Èsì àyẹ̀wò ẹni náà á wọ inú ìwé Àbẹ̀ní. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, a ò ní mọ ẹni tí a máa pè. Àbẹ̀ní, jọ̀ọ́, má gbà.

Ògbójú

Mo gbọ́ ẹ, Nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè parọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n kàn ní ká mú wá ni àpò méjì. Ẹ̀rù ń bà wá ni.

Ọmọ_Olùkọ́

Mo fẹ́ sọ tèmi torí ẹni tó ń bẹ̀rù. Mo dákú nígbà àkọ́kọ́.

Mo sáré kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mi ò tíì jẹun láti àárọ̀, omi tí mo mu lọ́jọ́ náà kò tó ife kan. Nínú ìwé ìbéèrè, mo kọ pé mo ti jẹun. Irọ́ kékeré ni mo pè é. Bí wọ́n ṣe gbà á tán, ara mi dá, mo sì fò dìde torí mo fẹ́ tètè padà síbi iṣẹ́. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Òógùn tútù bò mí, etí mi ń hó, ojú mi ṣú, nígbà tí mo máa mọ̀, ilẹ̀ ni mo wà, ẹsẹ̀ mi lókè, ẹnì kan ń fẹ́ mi. Ètè mi ti bẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi padà lọ.

Nígbà tí mo padà lọ, mo sọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí pé mo ti dákú rí. Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní kí n mu omi tó tó ìdajì lítà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kí n fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì, kí n máa fún iṣan itan àti ìdí pọ̀, kí n dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí n tún fún un, títí tí wọ́n á fi parí. Mi ò wo abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí àga kí n tó dìde. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, ìgbà karùn-ún ni mo ṣe kẹ́yìn yìí.

Tí òòyì bá kọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ilé ná. Ẹ jókòó síbi tí ẹ bá wà, kódà kó jẹ́ orí ilẹ̀, kí ẹ gbé orí sáàárín orúnkún, tàbí kí ẹ sùn kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu torí mo fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ mọ bóyá mo ní HIV. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í fi ojú burúkú woni níbẹ̀ bíi ti ibi àyẹ̀wò. N ó sì tún ṣe olóore pẹ̀lú.

Láàbù_ni_mo_wà

Jọ̀ọ́, má lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni, mi ò bá ẹ jà.

Lóòótọ́ ni a máa ń yẹ gbogbo àpò wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú B, mẹ́dọ̀wú C àti syphilis. Àmọ́ tí kòkòrò kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, ìgbà kan wà tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ kò sì tíì lè rí i. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti dín ìgbà náà kù sí ọjọ́ mélòó kan, àwọn mìíràn ṣì ń lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí èyí tó mú un kúrò pátápátá. Ọjọ́ mẹ́wàá tí o dárúkọ yẹn bọ́ sáàárín ìgbà náà gan-an. Èsì rẹ lè sọ pé kò sí nǹkan kan, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ sì wọ ara ọmọ ọwọ́ kan lọ́la. Ìwọ náà á wá máa rò pé ara rẹ mọ́.

Lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò HIV. Sọ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n á sọ ìgbà tí o máa tún padà wá fún ẹ. Tí irú nǹkan báyìí bá tún ṣẹlẹ̀, tí kò bá tíì ju wákàtí 72 lọ, oògùn wà tó lè dènà HIV, nítorí náà má jẹ́ kí ìtìjú mú ẹ dúró.

Ẹni tó bá sì ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tán tó wá rántí ohun kan tí kò sọ, kó pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún un. Wọ́n á yọ àpò náà sọ́tọ̀, wọn kò sì ní pariwo rẹ̀ síta. Mo ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún ẹni náà títí dòní kò kéré.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ ṣeun. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á. N ó lọ síbi àyẹ̀wò lọ́la.

Ìyá_Táyọ̀

Ọlọ́run á ṣe é ní ire, Jẹ́jẹ́. O ṣeun tí o béèrè kí o tó lọ. Ọmọ mi wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ náà ì bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, SS ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù nínú àwọn iṣan tó lọ sí ọpọlọ, pé ó lè ní àrùn rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Mo ti rí àpò tó ju 20 lọ tó so rọ̀ lókè orí ibùsùn rẹ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn tó fún un. Mo máa ń ka nọ́ńbà tó wà lára àpò, mo máa ń gbàdúrà fún nọ́ńbà náà.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ìgbà kan tí ẹ̀jẹ̀ kò sí, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gba tòun fún ọmọ, wọ́n ní rárá, wọ́n á gbà á, àmọ́ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n á fún. Ó bínú gan-an. Kí ló dé?

Láàbù_ni_mo_wà

Ìyá Táyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí bàbá rẹ̀, wọ́n ṣe dáadáa fún wọn ni.

Nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun wà, ọmọ ogun ara ni wọ́n. Tí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá wọ ara, ara ẹni tó gbà á máa ń dá sẹ́ẹ̀lì funfun àlejò mọ̀, á sì pa á. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá ẹni lè jọ tẹni débi pé ara kò ní dá a mọ̀ bí àlejò. Yóò wá jókòó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ara tó gbà á. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ó sábà máa ń pa èèyàn. Ẹ̀rọ kan wà tí a fi ń tan ìtànṣán sí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti dènà rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ní in. Bákan náà, ọkọ kò gbọ́dọ̀ fún ìyàwó tó ṣì fẹ́ bímọ ní ẹ̀jẹ̀, torí ara ìyàwó lè kọ́ bí yóò ṣe máa bá ẹ̀jẹ̀ ọkọ jà, kó wá máa bá ti ọmọ inú jà lẹ́yìn ọ̀la.

Àbẹ̀ní, ìyẹn kan ìwọ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹbí yín bá fi sílẹ̀ kò ní láti bá ti àbúrò màmá rẹ mu. Báńkì ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, wọ́n á sì mú èyí tó bá tiwọn mu fún wọn. Láti ọdún 1901 tí Karl Landsteiner ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn pín sí oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti mọ̀ pé àìbáramu lè pani. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 Oṣù Kẹfà, ni wọ́n fi ṣe Ọjọ́ Olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ Lágbàáyé. Àpò kan náà sì lè pín sí mẹ́ta: sẹ́ẹ̀lì pupa tó lè pẹ́ tó ọjọ́ 42 nínú fíríìjì, plasma tí a ń sọ di yìnyín, àti platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí kì í ju ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ. Nítorí ìyẹn ni a kò fi lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ká tọ́jú rẹ̀ títí ọdún fi máa yí po.

Akíntúndé_B

Mo gba àtúnṣe Nọ́ọ̀sì. Ọdún mélòó kan ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ wákàtí 24 yẹn fún àwọn èèyàn.

Àmọ́ fún àwọn tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ fífi sílẹ̀ léraléra ń gé ẹ̀mí kúrú: James Harrison, ará Ọsirélíà, fi sílẹ̀ ní ìgbà 1,173 láti ọdún 1954 títí di 2018. Ọmọ ọdún 88 ni nígbà tó kú ní 2025. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oògùn fún àwọn ìyá tí oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ Rh negative, kí ara wọn má baà pa ọmọ inú wọn. Ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 14 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló gbà á là.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ plasma ni tirẹ̀ jù. Wọ́n máa ń dá sẹ́ẹ̀lì pupa padà sí i lára, ìdí nìyẹn tó fi lè lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn wé odindi àpò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti bi mí ní ìkọ̀kọ̀ láti àná, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn níbí. Ẹni tí jínótáípù rẹ̀ jẹ́ AS lè fi sílẹ̀ ní ibi púpọ̀, àmọ́ kó sọ ọ́, torí a kì í fi fún ọmọ tuntun tàbí ẹni tó ní SS. Ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò, kó lò ó tán, kí ara rẹ̀ sì yá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ara tàbí lu etí máa dúró fún oṣù mélòó kan, ibòmíràn ń sọ ọdún kan. Ẹni tó ní ibà kò gbọ́dọ̀ wá títí ara á fi le dáadáa, kó sì béèrè iye ọjọ́ tí òfin ibẹ̀ sọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dí gbogbo èèyàn lọ́wọ́, tí ìfúnpá bá ti wálẹ̀. Ẹ má dá oògùn yín dúró torí kí wọ́n lè gbà yín.

Àbẹ̀ní_Aláṣọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní oṣù méjì ààbọ̀.

Mo lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Nǹkan oṣù mi ló pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́jọ ló máa ń gbà, mo sì rò pé bí ti gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni ti màmá mi ṣe rí. Ferritin mi wà nílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fún mi ní oògùn irin, wọ́n ní kí n máa mu ún pẹ̀lú omi ọsàn, kí n má mu tíì tàbí kọfí mọ́ ọn, torí wọn kì í jẹ́ kí ara gba irin. Ìgbẹ́ mi dúdú, ẹ̀rù bà mí, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n tún ń tọ́jú nǹkan oṣù náà. Òòyì tó máa ń kọ́ mi tí mo bá gun àtẹ̀gùn, mo ti máa ń sọ pé iṣẹ́ ni. Ó ti lọ.

Iṣẹ́ abẹ àbúrò màmá mi yọrí sí rere. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ká sanwó ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ, ó lọ fúnra rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo padà lọ. 13.1. Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn náà ló gún mi ní ìka, mo rántí rẹ̀, òun náà rántí mi. Dókítà mi ti gbà kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, pé kí n máa bá oògùn irin lọ. Mo mu omi, mo fún itan pọ̀ bí Ọmọ_Olùkọ́ ṣe sọ, mi ò wo abẹ́rẹ́. Ìgúnpá mi dúdú díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tó wà lára àpò hàn mí kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ìyá_Táyọ̀

Àbẹ̀ní, o ṣeun.

Màmá Kẹ́hìndé

Ọmọ mi, mo yọ̀ fún ẹ. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi obìnrin kí wọ́n lọ yẹ irin wọn wò. Èmi náà fẹ́ béèrè: ọmọ ọdún 61 ni mí, mi ò ṣe é rí láyé mi, mo sì ń lo oògùn ìfúnpá kan. Ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú ọkàn rere, Màmá. Láti ọdún 18 sí 65 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 60, dókítà ibẹ̀ ló máa pinnu. Ẹ lo oògùn yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹun, ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá yín lọ.